Bí Ọmọ Imẹ́rì Ṣe Lè Di Akọni Triathlon Láì Mọ Ìlúwẹ̀ẹ́

O ti gbọ́ nípa triathlon, o sì ti pinnu pé ìwọ náà máa ṣe é lọ́dún yìí. O káre. Ẹni tó ń gbé Imẹ́rì, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò sí òkun nítòsí rẹ̀, tí kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ tó fẹ́ fi í sílẹ̀ nìkan ló ń sáré bá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n dá eré yìí sílẹ̀ fún. Fara balẹ̀, kí o ka ìlànà yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má fo ọ̀kankan.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le. Wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á sáré, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, aago ò sì ní dúró. Èyí tó kéré, tí wọ́n ń pè ní sprint, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń mú, jẹ́ mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, àti kìlómítà 5 lórí ẹsẹ̀. Ti Òlíńpíìkì, tó wọlé ní Sydney lọ́dún 2000, jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ṣírò ó wò. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, omi kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Ta ló ń torí ìdá kan nínú ọgbọ̀n da ara rẹ̀ láàmú? Ìdí nìyí tí a ó fi jẹ́ kí omi kẹ́yìn nínú ìmúrasílẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣe. Ní San Diego, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 25 September 1974, eré ẹsẹ̀ ni àwọn 46 tó kọ́kọ́ ṣe é fi bẹ̀rẹ̀, omi ló gbẹ̀yìn. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó kan omi, iná mọ́tò ni wọ́n sì tàn sí wọn lójú omi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ojo wá gbé omi síwájú; wọ́n ní ẹni tó ti rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ omi. Ẹni tó máa rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Kò kàn ọ́.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Kéde

Má tíì fọwọ́ kan omi, má tíì fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Fóònù ni kí o kọ́kọ́ mú. Ya fọ́tò pẹ̀lú awò ìlúwẹ̀ẹ́ níwájú orí rẹ. Bí o kò bá ní, yá ti wẹ́dà. Nínú fọ́tò, ìyàtọ̀ wọn ò pọ̀. Gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí Imẹ́rì nílé àti lẹ́yìn odi, kí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ máa retí mi." Àwọn tó wà ní Àkúrẹ́ á kí ọ kú iṣẹ́. Àwọn tó wà ní Èkó á fi àwòrán apá líle ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ kan tó wà ní London á béèrè pé, "Àbúrò, ṣé o mọ ìlúwẹ̀ẹ́?" Irú wọn kì í tán nínú ẹbí. Fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá a lóhùn, kí o kọjá lọ.

Kí o sì rántí ohun tí o ń wá. Níbi ìpàdé ìlú, ẹni tó ní JP lẹ́yìn orúkọ ń jókòó síwájú. Akáńtáńtì tó ní FCA ń jókòó tì í. Ìwọ tí orúkọ rẹ parí síbi tí ti bàbá rẹ parí sí, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni àga rẹ ń wà. Triathlon ló máa gbé ọ kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Kọ fọ́ọ̀mù

Wọ́n á bi ọ́ ní iye ìṣẹ́jú tí o fi ń lúwẹ̀ẹ́ mítà 750. Àwọn tó ń fi eré yìí jẹun ń lò tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Má gbéra ga: kọ mọ́kànlá. Ìdáhùn yìí ni wọ́n fi ń to àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwọn tó yá jù lọ síwájú pátápátá. Iwájú yẹn sì ni kámẹ́rà ń wò.

Wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kọ "rárá". Ẹni tí kò lọ yẹ̀ ẹ́ wò rí, níbo ló ti fẹ́ ní in?

Wọ́n á ní kí o kọ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Má kọ ti ìyàwó rẹ, torí o kò tíì sọ iye tí fọ́ọ̀mù náà jẹ́ fún un. Kọ ti ẹni tó jẹ ọ́ lówó. Ọjọ́ yẹn nìkan ló máa gbé fóònù, nítorí kì í ṣe ìwọ ló ń pè é.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Dá aṣọ

Àwọn eléré gidi ní aṣọ kan tó lẹ̀ mọ́ ara, tó máa ń tètè gbẹ, tí wọ́n fi ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìpààrọ̀. Ìwọ wọ mọ́tò lọ sí Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀, kí o ra ankará yáàdì mẹ́fà. Jẹ́ kí ẹbí rẹ náà rà á, kó jẹ́ ankoó. Télọ̀ á ṣe ọrùn rẹ̀ dáadáa, á fi òkúta dídán sí i láyà. Bí ó bá ní aṣọ yìí máa mu omi, pé ó sì máa wúwo, rán an létí pé omi ò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Sọ fún un kó ṣe àpò méjì sí i. A máa lò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Wá kẹ̀kẹ́

Raleigh bàbá bàbá rẹ ṣì wà lórí àjà. Gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ta epo sí ṣéènì rẹ̀, gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Má yọ kárià ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ la máa so kúlà mọ́.

Ti ìdánrawò ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ gígùn máa ń dun ìdí. Nítorí náà, ọ̀kadà ni kí o fi kọ́ ọ: táyà méjì ló ní, táyà méjì ni kẹ̀kẹ́ náà ní. Láti Imẹ́rì dé Ìdóàní, láti Ìdóàní dé Ìpelé, jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, tẹ orí ba kí atẹ́gùn lè gba òkè rẹ kọjá, kí o sì máa mí kíkan kíkan. Bí o bá dé Ọ̀wọ̀ tí kò rẹ̀ ọ́, o ti ṣetán.

Òfin kan wà níbí tó le. O gbọ́dọ̀ ti dé akoto, kí o sì ti há okùn rẹ̀ lágbọ̀n, kí ọwọ́ rẹ tó kan kẹ̀kẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣáájú akoto, wọ́n á fìyà jẹ ọ́. Àwọn tó gbọ́n gan-an máa ń gbàgbé èyí nígbà tí wọ́n bá fi ìkánjú jáde nínú omi. Ìwọ kò ní gbàgbé, nítorí láti ilé ni o ti máa dé e wá, o ò sì ní ṣí i nínú omi. Bí owó akoto bá wọ́n, rántí January 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi dandan lé e fún ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn: àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé agolo ọ̀dà. Igbá ni mo fọwọ́ sí. Ìdí rẹ̀ á yé ọ bí a bá dé orí omi.

Ibì kan tún wà láàárín omi àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàtà. Aago ń kà níbẹ̀ náà, ìyẹn làwọn eléré fi ń pè é ní eré kẹrin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò tó ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Ìwà àìníyì ni. Ìwọ jẹ́ kí ẹbí rẹ na kánópì kékeré síbẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹní, kí wọ́n gbé bàsíà omi gbígbóná, táwẹ̀lì àti pọ́dà dání. Inú eré kẹrin yìí ni ẹ̀bùn rẹ wà.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Eré ẹsẹ̀

O ní ẹsẹ̀ méjì. Ká kọjá.

Àmọ́ ohun kan ṣì kù. Bí ènìyàn bá sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn kìlómítà 20, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò ní mọ̀ pé tòun ni. Nítorí náà, kì í ṣe eré sísá ni kí o kọ́, rírá ni. Ní February 1982, ní Hawaii, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Julie Moss ló ṣíwájú gbogbo obìnrin nínú ìdíje Ironman, triathlon ọlọ́nà jíjìn. Ó kù díẹ̀ kó dé òpin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ó ṣubú. Kathleen McCartney kọjá lára rẹ̀, ó gba ipò kìíní. Moss fi ọwọ́ àti orúnkún rá dé òpin. Tẹlifíṣàn gbé e, ó sì di pé Moss ni gbogbo ayé mọ̀, wọn ò mọ ẹni tó borí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn gbangba. Rírá ni ènìyàn ń rántí. Òótọ́ ni pé Moss ti fi wákàtí mọ́kànlá wẹ̀, ó ti fi gun kẹ̀kẹ́, ó ti fi sáré kó tó rá, ṣùgbọ́n wákàtí mọ́kànlá yẹn kò sí nínú fọ́tò. Máa rá nínú yàrá lálaalẹ́, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Fa ojú ro, ṣùgbọ́n má dojú bolẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n dá ọ mọ̀. Bí ìyàwó rẹ bá bi ọ́ pé kí lo sọ nù, sọ fún un pé ìdánrawò ni.

Bí rírá bá le jù, wá ẹ̀gbọ́n. Ní Cozumel, ní Mẹ́síkò, lọ́dún 2016, Alistair Brownlee gbé apá àbúrò rẹ̀ Jonny kọ́ ọrùn, ó wọ́ ọ dé ìlà òpin, ó sì tì í kọjá. Lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà nínú eré kan náà. Nítorí náà, kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti London yẹn o. Sọ fún un bí eré bá ku ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Omi

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Gbé àga gbọọrọ kan síta, dojú bolẹ̀ lé e, kí o máa ju apá, kí o máa ju ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó rì lórí àga rí. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá pé jọ, kí wọ́n máa bá ọ kà á. Bí àgbàlagbà kan bá ní igi kì í ṣe omi, sọ ti Seun Adigun fún un: ọkọ̀ onígi tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ní Houston ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ìdánrawò eré orí yìnyín, wọ́n sì ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang lọ́dún 2018. Má fi kún un pé ó ti sáré fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012 kó tó kan igi kankan. Ìtàn tó bá gùn jù kì í dùn.

Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó, dárúkọ Éric Moussambani, ọmọ Equatorial Guinea. Oṣù bíi mẹ́jọ ṣáájú Sydney 2000 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, nínú adágún kékeré kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó dé Sydney, wọ́n lé àwọn méjì tó yẹ kó bá díje dànù, nítorí wọ́n bẹ́ sómi kí wọ́n tó ní kí wọ́n bẹ́. Òun nìkan ló wẹ̀. Ó lo nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì dín díẹ̀ fún mítà 100, gbogbo èrò dìde fún un, òun ló sì borí ní ìpele náà, kò kúkú sí ẹlòmíràn. Gbé e wò dáadáa: oṣù mẹ́jọ ló fi kọ́ mítà 100. Ìwọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún 750. Ohun tó kù ni kí o máa gbàdúrà kárakára pé kí wọ́n lé gbogbo àwọn yòókù.

Lẹ́yìn àga, odò kàn. Odò Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ wa ti tó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o lọ, nígbà tí omi ti fà, kí o sì wá ibi tí kò ju ìbàdí lọ. Fi ẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀, fi apá wẹ̀ lókè. Ẹni tó bá wà létí odò á rò pé òmùwẹ̀ ni ọ́. Apẹja kan lè pariwo pé kí o gbé ẹsẹ̀ sókè. Má gbé e. Gbogbo omi ló ní ìsàlẹ̀. Eléyìí tí o máa bá níbi eré náà kò lè yàtọ̀.

Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà ọ́, fi ọ̀rọ̀ àgbà tu ara rẹ nínú: òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àwọn àgbà ò sọ pé ẹni tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní í bómi lọ. Orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé omi. Bí o bá wá lọ gba olùkọ́ nísinsìnyí, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ igbá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí afárá tó dé, igbá ńlá ni wọ́n fi ń sọdá odò Ògùn: èrò á gbá igbá mọ́ àyà, òmùwẹ̀ á máa tì í lọ. Igbá tó jẹ́ akoto rẹ lórí kẹ̀kẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi rẹ nínú odò. Owó kan, iṣẹ́ méjì. Òmùwẹ̀ tó máa tì ọ́ ni o kò ní, ṣùgbọ́n ṣebí o ti kọ mọ́kànlá sínú fọ́ọ̀mù? Àwọn òmùwẹ̀ tó dára jù lọ nínú ìdíje náà ló máa wà lẹ́yìn rẹ gan-an. Wọ́n á tì ọ́, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀.

Ìgbésẹ̀ Keje: Oúnjẹ

Jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, títí àwọn tó ń gún un á fi ní kí o ṣàánú wọn. Àádùn ni kí o kó sínú àpò ọ̀tún, ẹja gbígbẹ sínú àpò òsì. Bàtà tuntun rẹ, má wọ̀ ọ́ rárá kó má baà dọ̀tí kó tó di ọjọ́ náà.

Ní ti mímu, John Dunbar ni kí o tẹ̀ lé. Ní 18 February 1978, nínú Ironman àkọ́kọ́ pàá ní Hawaii, omi àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ tán nígbà tó ń sáré lọ, wọ́n bá fún un ní bíà. Gordon Haller kọjá lára rẹ̀, ó sì borí. Dunbar ṣe ipò kejì. Èyí fi hàn pé bíà lè gbé ènìyàn dé ipò kejì. Má bu omi kankan sínú kúlà.

Ìgbésẹ̀ Kẹjọ: Ọjọ́ eré

Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọ lọ́rùn ẹsẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ka àkókò rẹ. Gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹbí rí i. Bọ́ síwájú, láàárín àwọn tó kọ mọ́kànlá bíi tìẹ. Wọ́n á máa wo igbá orí rẹ. Kí wọn. Bí fèrè bá dún, wọ omi.

Nǹkan mélòó kan á ṣẹlẹ̀ ní kíákíá, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Àwọn òmùwẹ̀ ẹ̀yìn á tì ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni wọ́n á máa tì ọ́ sí. Igbá á bá tirẹ̀ lọ. Ankará yáàdì mẹ́fà á mu omi tán, àádùn á rọ̀. Na ẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí o ti ń ṣe ní Ọ̀sẹ̀. Bí o kò bá rí i, tún na ẹsẹ̀ sí i.

Kété tí orí rẹ bá jáde, di ọkọ̀ kékeré àwọn olùṣọ́ omi mú. Òfin gbà á: o lè dì í mú kí o sinmi, bí kò bá ṣáà ti gbé ọ síwájú. Sinmi dáadáa. Kí ọmọ tó ń wà á, bi í ní ìlú rẹ̀, bi í ní ará ilé. Bí ìsinmi rẹ bá ti pẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ kejì á dé, ẹ̀kẹta á dé, wọ́n á yí ọ ká. Ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gómìnà nìkan lo tún mọ̀ tí ọkọ̀ mẹ́ta ń yí ká. Juwọ́ sí ẹbí rẹ.

Wọ́n á fà ọ́ sókè, wọ́n á gbé ọ dé etí omi, wọ́n á tú ẹ̀rọ kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ. Wọ́n á ní eré tìrẹ ti tán. Má bá wọn jà, iṣẹ́ wọn ni. Lọ sábẹ́ kánópì, wẹ ẹsẹ̀ nínú bàsíà, fi pọ́dà sí ọrùn, wọ bàtà tuntun, tú kúlà kúrò lórí kárià. Lẹ́yìn náà, pe ọlọ́kadà. Òun lo fi kọ́ṣẹ́, òun ni kí o gùn. Kó já ọ sẹ́yìn àgọ́ onísúyà tó kángun sí òpin eré, kí ẹnikẹ́ni má rí ọ bí o ti ń sọ̀.

Wólẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Wọn ò ní jẹ́ kí o gba abẹ́ aago ńlá yẹn kọjá. Gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fọ́tò á gba ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti dé, kó wá wọ́ ọ lápá. Bí kò bá tíì dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ mẹ́ta ló ń yí òun náà ká lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ Kẹsàn-án: Èsì

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni èsì máa jáde. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí o ti wá orúkọ rẹ. Níbi tí wọ́n kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú sí fún àwọn yòókù, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n kọ fún ọ: DNF. Òun ni wọ́n ń kọ fún ẹni tí kò parí eré. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ní Hawaii, lọ́dún 1978 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí. Àwọn mẹ́ta yòókù ni àgbà ẹgbẹ́ rẹ.

Wá wo lẹ́tà wọ̀nyí dáadáa. JP, méjì péré ni. FCA, mẹ́ta. Ìwọ náà, mẹ́ta. Akáńtáńtì fi ọdún gbọọrọ kàwé, ó ṣe ìdánwò lórí ìdánwò, kó tó rí tirẹ̀ gbà. Ìwọ fi òwúrọ̀ kan gba tìrẹ, o ò tiẹ̀ tíì gun kẹ̀kẹ́.

Tó bá di ọjọ́ Ajé, lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Ọ̀wọ̀. Kó tẹ káàdì fún ọ: orúkọ rẹ, kọ́mà, DNF. Kó tún tẹ̀ ẹ́ sára ìwé tí o máa fi pe èèyàn síbi ìdúpẹ́ rẹ, kó fi fọ́tò ibi tí o ti ń rá sí àárín. Bí ó bá béèrè ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà jẹ́, bi í ní iye tó ń gba fún igba káàdì.